Pápá Eré Ẹṣin Èkó

Láti Màhín títí dé Ayétòrò létíkun, ọkọ̀ ojú omi la fi ń rìn. Irà àti omi ló yí wa ká, eṣinṣin tó ń kó àrùn ran ẹṣin sì pọ̀ nínú igbó etíkun. Àrùn náà ló fà á tí Ọ̀yọ́ àtijọ́ pàápàá, tí ogun ẹlẹ́ṣin sọ di alágbára, fi ń ra ẹṣin láti òkè Ọya. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn eré ẹṣin létíkun yìí, Èkó ni yóò gbà lọ.

Ní Amẹ́ríkà, Faransé àti Sweden, irú ìdíje kan wà tí ẹṣin ti ń fa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí ẹni tó ń darí rẹ̀ jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà. Ẹṣin ọ̀hún kò gbọ́dọ̀ bẹ́ sí eré àsápajúdé. Ti Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Orí gàárì làwọn ẹlẹ́ṣin wà.

Ìtàn sọ pé Ọba Dòsùnmú ti Èkó ló yọ̀ǹda ilẹ̀ pápá eré ẹṣin náà ní Oníkàn lọ́dún 1859, ọdún méjì kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Èkó. Réèsì Kọ́ọ̀sì làwọn ará Èkó ń pè é nígbà náà. Ẹṣin nìkan kọ́ ló jẹ gàba níbẹ̀: wọ́n gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ iléèwé sì ń yan bí ológun lọ́jọ́ àyájọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lójú tèmi, gbalasa rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ di pàtàkì. Ẹni tó ti rí bí òkun ṣe ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ará Ayétòrò mọ iyì ilẹ̀ gbígbẹ tí gbogbo ìlú lè péjọ sí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ àsíá Gẹ̀ẹ́sì kalẹ̀ lóru tó mọ́ ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1960, tí wọ́n sì fa aláwọ̀ ewé òun funfun sókè. Abubakar Tafawa Balewa, olórí ìjọba ọjọ́ náà, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá náà lẹ́yìn tí wọ́n pa á lóṣù kìíní 1966. Lábẹ́ ìjọba Gowon, ní 1972, wọ́n kọ́ àga ìjókòó àti ẹnu ọ̀nà ńlá síbẹ̀, eré ẹṣin sì tán. Ère ẹṣin funfun mẹ́rin ló kù lórí ẹnu ọ̀nà. Ààrẹ Shagari gba ìjọba níbẹ̀ ní 1979. Àwọn eégún Ẹ̀yọ̀ ti Èkó náà máa ń péjọ síbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹṣin tó ń sáré l'Ékòó báyìí, pápá póló Ìkòyí ló kù fún un.