Àfọ́kù Tó Ń Jẹ́rìí: Láti Etí Títì Simawa dé Igbó Olókun



Àwọn baba wa a máa wí pé ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Iṣẹ́ lítíréṣọ̀ ni mo fi ń jẹun, n kò sì jẹ́ bá òwe jà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ní etí títì Èkó sí Ìbàdàn ní Simawa, mo rí gíláàsì iwájú mọ́tò kan tó ti fọ́ bí òwú aláǹtakùn, síbẹ̀ tí kò já bọ́. Gíláàsì pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ̀ pọ̀. Édouard Bénédictus, ará Faransé, ló ṣàkíyèsí irú rẹ̀ ní 1903, nígbà tí ìgò kan já lulẹ̀ tí kò fọ́n ká. Lónìí, àwọn oníṣẹ́ ọnà òkè òkun ń to irú gíláàsì bẹ́ẹ̀ àti àfọ́kù lérí ara wọn, wọ́n ń fi ṣe ère. Àwọn kan ní ọnà àjèjì gbáà ni. Èrò tèmi yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Ilé-Ifẹ̀, tí ìtàn wa ní Rẹ́mọ ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orísun. Níbẹ̀, wọ́n fi àpáàdì to ilẹ̀ àgbàlá. Wọ́n dá a dúró lórí ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fara ti èkejì. Ìtàn ẹnu ní Lúwo, ọba obìnrin, ló pàṣẹ iṣẹ́ náà. Ìkòkò tó fọ́ di ọnà tí ọba ń tẹ̀.

Ti gíláàsì tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, rí àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ lára ní Ifẹ̀. Síbẹ̀, ó pẹ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé fi gbà pé gíláàsì òkèèrè ni àwọn ará Ifẹ̀ kàn ń tún yọ́. Láàárín 2010 sí 2012, Abídèmí Babátúndé Babalọlá walẹ̀ ní Igbó Olókun. Ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó ju 12,000 lọ, àti àfọ́kù ìkòkò ìyọ́gíláàsì tó ju 800. Kálísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù pọ̀ nínú gíláàsì náà lọ́nà tí kò bá ti Lárúbáwá tàbí ti Yúróòpù mu. Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é, láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ kíyèsí ohun tó jẹ́rìí gbè wá. Ìlẹ̀kẹ̀ lè ti òkèèrè wá. Ìkòkò iṣẹ́ ni kò lè purọ́. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń wa ilẹ̀ Igbó Olókun nítorí ìlẹ̀kẹ̀. Àfọ́kù ìkòkò kò níye lórí lójú wọn, wọ́n fi í sílẹ̀. Òun gan-an ló dá iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba wa padà fún wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, ilé titun ń pọ̀ sí i láàárín Simawa àti Ṣàgámù. Bí ẹ bá ń wa ìpìlẹ̀, tí àpáàdì tàbí àfọ́kù tó ń dán bá jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ dá ọkọ́ dúró, kí ẹ ké sí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà.