Àwọn Tí Wọ́n Tú Ká ní Jerúsálẹ́mù

Ta ló gbé ẹ̀sìn Kristẹni jáde kúrò ní Jerúsálẹ́mù? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní àwọn àpọ́sítélì méjìlá ni, pé wọ́n pín ayé láàárín ara wọn, kálukú sì mú ọ̀nà tirẹ̀ pọ̀n. Ìtàn yẹn dùn-ún gbọ́. Àmọ́ tí a bá fara balẹ̀ ka ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, nǹkan mìíràn la máa bá níbẹ̀.

Orí ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Júù ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tó wà ní Jerúsálẹ́mù, ṣùgbọ́n èdè wọn kò dọ́gba. Àwọn kan ń sọ èdè ilé. Àwọn mìíràn, tí ìdílé wọn ti gbé ìdálẹ̀ pẹ́, Gíríìkì ni wọ́n ń sọ. Àwọn elédè Gíríìkì ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn opó tiwọn dá níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ojoojúmọ́. Láti parí aáwọ̀ náà, wọ́n yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Stéfánù àti Fílípì wà lára wọn.

Stéfánù kò dúró lórí oúnjẹ pínpín nìkan. Ó ń bá àwọn Júù tó wá láti Kirénè, Alẹkisáńdíríà, Kìlíkíà àti Éṣíà jiyàn. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó sọ̀rọ̀ òdì sí Tẹ́ńpìlì àti òfin Mósè, wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta pa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni inúnibíni bẹ́ sílẹ̀. Ìwé náà sọ pé gbogbo wọn ló tú ká lọ sí Jùdíà àti Samáríà, àfi àwọn àpọ́sítélì.

Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Àfi àwọn àpọ́sítélì! Kí ló dé tí wọ́n fi olórí sílẹ̀, tí wọ́n ń lé ọmọ ẹ̀yìn? Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn gbà pé àwọn elédè Gíríìkì, ẹgbẹ́ Stéfánù, ni inúnibíni náà dojú kọ jù lọ. Èmi náà fara mọ́ ọn. Èyí já sí pé àwọn tí wọ́n fi oúnjẹ opó wọn ṣeré lánàá náà ni wọ́n lé kúrò nílùú lónìí.

Ibo ni wọ́n gbà? Ọ̀nà kan ò wọjà. Fílípì lọ sí Samáríà, níbi tí àwọn Júù kì í fẹ́ bá wọn da nǹkan pọ̀. Ní ọ̀nà Gásà, ó pàdé ìwẹ̀fà tó ń bójú tó ìṣúra Káńdákè, ọbabìnrin ilẹ̀ Kúṣì tó wà ní Sudan òde òní. Àwọn mìíràn dé Fonísíà, Kípírù àti Áńtíókù. Júù nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn ará Kípírù àti Kirénè (Líbíà ni Kirénè wà lónìí) ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn Gíríìkì sọ̀rọ̀ ní Áńtíókù. Ìgbésẹ̀ tó yí gbogbo nǹkan padà nìyẹn, síbẹ̀ ìwé náà kò dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn.

Ìjọ ti dúró ní Áńtíókù kí Jerúsálẹ́mù tó rán Bánábà lọ wò ó. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ pe àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ní Kristẹni. Ibẹ̀ náà ni Bánábà àti Pọ́ọ̀lù ti gbéra ìrìn àjò wọn, Pọ́ọ̀lù kan náà tí wọ́n kó aṣọ síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pa Stéfánù.

Títúká nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ yìí o. Àwọn tó sá lọ gbọ́ Gíríìkì, èdè ọjà àti èdè ìjọba ní ìlà oòrùn ilẹ̀ ọba Róòmù. Sínágọ́gù wà ní ìlú púpọ̀ tí wọ́n dé. Wọ́n sì níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ wo Àkúílà àti Pírísíkílà aya rẹ̀, àwọn tó ń ṣe àgọ́ tà. Nígbà tí Kláúdíù lé àwọn Júù kúrò ní Róòmù, ní nǹkan bí ọdún 49, Kọ́ríńtì ni wọ́n sá lọ. Pọ́ọ̀lù bá wọn gbé, ó sì bá wọn ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n dé Éfésù. Kí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ Róòmù, ìjọ ti wà níbẹ̀ tó fi kọ lẹ́tà sí wọn. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny, gómìnà Róòmù ní àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ̀wé sí ọba Trajan pé ẹ̀sìn náà ti wọ ìlú, abúlé àti ìgbèríko.

Ṣùgbọ́n ká má tìtorí èyí yin inúnibíni. Wọ́n ń wọlé onílé, wọ́n ń wọ́ ọkùnrin àti obìnrin lọ sẹ́wọ̀n. Kò sẹ́ni tó gbèrò pé kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń sá àsálà ò ní àsìkò láti pín ayé. Ohun tó mọ̀ ló ń sọ fún ẹni tó bá gbà á sílé.

Tí ẹ bá ráyè, ẹ ka orí 6, orí 8 àti orí 11 ìwé Ìṣe tẹ̀ léra wọn. Kí ẹ máa ka iye àwọn tó ṣiṣẹ́ tí ìwé náà ò dárúkọ wọn.