Ewé Sísá àti Ìpamọ́ Rẹ̀ ní Ìlú Ẹdẹ: Ṣé Iṣẹ́ Babaláwo Ni?

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń bi àwọn àgbà. Ìyá àgbà tó ń sá efinrin sí ẹ̀yìnkùlé, tó ń so egbò rọ̀ sí òkè ààrò, tó sì ń da àgúnmu sínú àdó, ṣé kì í ṣe iṣẹ́ babaláwo ló ń ṣe yẹn? Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń da ohun tí ìyá wọn fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú sí ààtàn, nítorí ìbẹ̀rù ẹbọ. Ìbẹ̀rù náà dára. Ewé ni kò jẹ̀bi.

Ẹdẹ ti wà kí Ìsìláàmù tó fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà-Iná, jagunjagun láti Ọ̀yọ́, ni ìtàn sọ pé ó tẹ ìlú náà dó. Ní ọ̀rúndún 19 ni Abíbù Lágùnjú gorí oyè, òun sì ni Tìmì àkọ́kọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí. Ohun tí ẹ̀sìn ní kí àwọn tó gbà á fi sílẹ̀ ni kíké pe òrìṣà àti pípa ẹran fún un. Ewé kò sí nínú rẹ̀. Nínú hadiisi tí Imam Muslim gbà wá, àwọn sàábé bi Ànábì léèrè nípa ọ̀rọ̀ ìwòsàn tí wọ́n ń lò nígbà àìmọ̀kan. Ó ní kí wọ́n kà á fún òun gbọ́, pé kò sí aburú níbẹ̀ bí kò bá ti sí ẹbọ nínú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá rí bẹ́ẹ̀, ewé tí kò sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí ọgbọ́n ló kún inú rẹ̀. Àárọ̀ ni à ń já ewé tí a fẹ́ sá, nígbà tí ìrì bá ti gbẹ tí oòrùn kò sì tíì mú. A kì í já a lẹ́yìn òjò. Ewé tó ń ta sánsán, bí efinrin àti koríko ọba tí a ń pè ní ewé tíì, abẹ́ òjìji ni à ń sá a sí, lórí ẹní tàbí atẹ, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Oòrùn gangan máa ń gbé òróró ara rẹ̀ lọ, ewé á wá dà bí koríko lásán. Bẹ́ẹ̀ náà ni làálì tí àwọn obìnrin wa ń lé nígbà ìyàwó àti ọdún: èyí tó bá pẹ́ jù lóòrùn kì í pọ́n dáadáa mọ́.

Egbò àti èèpo igi yàtọ̀. A ó fọ̀ ọ́, a ó gé e wẹ́wẹ́, kí a tó sá a sí oòrùn. Egbò tí a sá lódindi lè gbẹ lẹ́yìn kó ṣì tutù nínú, inú yẹn ni yóò sì ti bàjẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe èlùbọ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí. Bí òjò bá ń rọ̀, òkè ààrò ló kù: a ó di ewé ní ìdì kéékèèké, a ó so ó rọ̀, ooru á gbé omi rẹ̀, èéfín á lé kòkòrò. Àléébù rẹ̀ ni pé òórùn èéfín á mú un, n kò sì tíì rí ẹni tó gbádùn ewé tíì olóòórùn èéfín.

Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ìgbà àtijọ́ ti kọ ohun tó jọ èyí. Ibn Sina, tí a bí lẹ́bàá Bukhara tó sì kú ní 1037, fi ìwé kejì nínú Al-Qanun rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí oògùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí a já ewé nígbà tó bá ti dàgbà tán tí àwọ̀ rẹ̀ kò sì tíì yí padà, kí a sì wa gbòǹgbò nígbà tí ewé igi náà bá fẹ́ wọ́. Ó tún ní èyí tí a já nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́ dára ju èyí tí a já nígbà tí òjò wà nítòsí. Ibn al-Baytar ọmọ Malaga, tó kú ní Damasku ní 1248, kó bí 1,400 oògùn àti oúnjẹ jọ sínú ìwé kan ṣoṣo. N kò sọ pé àwọn ìyá wa ní Ẹdẹ ka àwọn ìwé wọ̀nyí o. Ilẹ̀ àti ojú ọjọ́ ló kọ́ wọn.

Ní ti ìpamọ́, ẹ rántí Súúrà Yusuf. Nígbà tí Ànábì Yusuf túmọ̀ àlá ọba, ó gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀, àfi ìwọ̀nba tí wọ́n máa jẹ. Àgbàdo tí a so rọ̀ pẹ̀lú háhá rẹ̀, ọgbọ́n kan náà ni. Ewé náà kò yàtọ̀: èyí tí a kò tíì gún máa ń pẹ́ ju àgúnmu lọ. Nítorí náà, ìwọ̀nba tí a máa lò ni à ń gún sínú àdó. Lónìí, ìgò ti gba iṣẹ́ àdó, kò sì burú, bí ìgò bá gbẹ, tí ìdérí rẹ̀ le, tí a sì gbé e kúrò lójú oòrùn.

Ohun tó burú ni ewé tí a kó pamọ́ láìgbẹ tán. Ní 1960, tòlótòló tó lé ní 100,000 kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí ẹ̀pà tó ti bu tí wọ́n fi ṣe oúnjẹ wọn, ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mọ májèlé tí à ń pè ní aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń bàjẹ́, sísè lásán kì í sì í pa á. Ewé tó bá gbẹ tán á rún wómúwómú lọ́wọ́, ọ̀pá rẹ̀ á sì dá dípò kó tẹ̀. Èyí tí nǹkan bí òwú bá hù lára rẹ̀, ẹ dà á nù, ẹ má ṣe fi oòrùn tún un ṣe.

Ọ̀kan ṣẹ́kù tí ó ń dùn mí. Àdó kì í ní orúkọ lára, orí ìyá àgbà ni orúkọ wà. Bí wọ́n bá kú, àdó mẹ́wàá á wà nílé, kò ní sí ẹni tó mọ èyí tó wà fún ibà àti èyí tí aboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Ẹ mú bírò àti bébà lọ bá wọn kí ọyẹ́ tó ń bọ̀ yìí tó parí, ẹ kọ orúkọ ewé, ohun tó wà fún àti ọjọ́ tí a sá a, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò kọ̀ọ̀kan.