Ẹ́ńjìnnì Ńlá Nínú Ara Ẹlẹ́gẹ́

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bèèrè: agbára ẹṣin mélòó ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ní? Èmi náà ń bèèrè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí mo ka ìtàn Mustang ni mo rí i pé ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú: kí ló ń gbé ẹ́ńjìnnì yẹn?

Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni iléeṣẹ́ Ford fi Mustang han aráyé ní New York. Ojú ẹ̀ tuntun, àmọ́ egungun inú ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ara Falcon ni wọ́n ti yọ ọ́, ọkọ̀ kékeré olówó pọ́ọ́kú tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà, agbára ẹṣin 90.

Irú ọkọ̀ yìí ò ní ṣáàsì gígùn láti iwájú dé ẹ̀yìn bíi ti lọ́rì. Irin méjì wà níwájú tó gbé ẹ́ńjìnnì, méjì wà lẹ́yìn. Páànù ilẹ̀ ọkọ̀ àti ti abẹ́ ilẹ̀kùn ló so wọ́n pọ̀. Fún ẹṣin 90, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí wọ́n wá ki V8 bọ̀ ọ́, ẹrù erin dé orí ọmọdé. Tọ́ọ̀kì ni agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí nǹkan. Tí awakọ̀ bá tẹná lójijì, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí táyà ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ́ ara ọkọ̀ náà bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Tó bá pẹ́, ilẹ̀kùn ò ní pa dé dáadáa mọ́. Páànù á sán. Àwọn ọwọ̀n méjì tó di ṣọ́kì iwájú mú á máa fì síra wọn.

Carroll Shelby, tó gba ìdíje Le Mans lọ́dún 1959, ni Ford gbé Mustang fún pé kó sọ ọ́ di ọkọ̀ ìje. GT350 ọdún 1965 ló ṣe. Gbogbo èèyàn ló ń sọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tó kúrò ní ẹṣin 271 tó di 306. Àmọ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wò. Irin kan lọ tààrà láti ọwọ̀n ṣọ́kì kan sí èkejì: Monte Carlo bar nìyẹn. Òmíràn, export brace, so ọwọ̀n méjèèjì mọ́ ògiri tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀. Lẹ́yìn, wọ́n fi irin di áàsù mú kó má baà lọ́. Lóṣù kejì ọdún náà, Ken Miles fi GT350 gba ìdíje ní Green Valley, Texas. Ọkọ̀ yìí gba ife ẹgbẹ́ SCCA ní ìsọ̀rí B-Production lọ́dún 1965, 1966 àti 1967.

Lọ́dún 1968, Cobra Jet 428 dé: tọ́ọ̀kì ẹ̀ jẹ́ 440 lb-ft. Ford fún ọwọ̀n ṣọ́kì lókun sí i. Síbẹ̀, irin iwájú àti tẹ̀yìn ò tíì kan ara wọn.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ní in lónìí fi ń jó irin gígùn méjì mọ́ abẹ́ ẹ̀, láti so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Subframe connector lorúkọ ẹ̀. Ọgbọ́n kan wà níbẹ̀: ìwúwo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí táyà nígbà tí wọ́n bá ń jó o. Tí wọ́n bá gbé e kọ́ sókè, ara ẹ̀ á tẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ yẹn náà ni irin tuntun á ṣe dì í pa.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe. Mo ti rí kóòdù tá a kọ fún ọgọ́rùn-ún èèyàn tí wọ́n kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lé lórí, tá a tún ń fi nǹkan tuntun kún un. Nígbà tó wó, ohun tuntun yẹn la kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ìpìlẹ̀ ni ò gbà á.

Báyìí, tí ọ̀rẹ́ mi bá fi fọ́tò ẹ́ńjìnnì ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń ní kó bẹ̀rẹ̀, kó ya abẹ́ ọkọ̀ náà wá.