Orógbó, Ìtànṣán àti Ẹ̀dọ̀fóró: Bí Ìwádìí Egbòogi Ṣe Rìn láti Ilé-Ifẹ̀

Àwọn kan ń sọ pé orógbó máa ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀fóró ẹni tí wọ́n ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ àyà. Àwọn mìíràn ní irọ́ gbuu ni. Àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fọ́n káàkiri, ó sì yẹ kí ẹnì kan tò ó.

Ọjọ́ pẹ́ tí Yorùbá ti ń rún orógbó lẹ́nu nítorí ikọ́: wọn a bó èèpo rẹ̀, wọn a fara da kíkorò rẹ̀. Ní 1883, Edouard Heckel, ará Faransé, fún igi náà ní orúkọ Garcinia kola.

1967 ni ìtàn ìwádìí egbòogi gbóná. Ọdún náà ni Yunifásítì Ifẹ̀ kó kúrò ní Ìbàdàn wá sí Ilé-Ifẹ̀, tó sì tẹ ìwé Pierre Verger nípa ewé oògùn jáde, Àwọn Ewé Ọ̀sanyìn. Ayàwòrán ni Verger. Kétu ló ti di babaláwo ní 1953, tó gba orúkọ Fátúmbí. Lẹ́yìn ìwé náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú orín àtà, tí í ta ahọ́n bí ata, wọ yàrá ìwádìí ní Ifẹ̀. Ní 1971 wọ́n kéde pé omi egbò rẹ̀ máa ń tún hóró ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé ṣe. Wọn ò dúró síbẹ̀: wọ́n yẹ májèlé rẹ̀ wò, wọ́n dán an wò lára àwọn tó ní síkúsẹ́ẹ̀lì, àrùn tí í tẹ hóró ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1975. Iṣẹ́ tó pé nìyẹn, òun ló sì yẹ ká fi wọ̀n gbogbo egbòogi yòókù.

Ní ti orógbó, olùwádìí Maurice Iwu ní Nsukka ló ṣàlàyé èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kolaviron ní àwọn ọdún 1980.  

Ọ̀rọ̀ ìtànṣán ló ṣòro. Bó bá wọ ara, ó máa ń fọ́ omi inú sẹ́ẹ̀lì, èròjà onípalára a sì tú jáde. Lẹ́yìn oṣù kan sí mẹ́ta, ẹ̀dọ̀fóró lè wú, ikọ́ gbígbẹ àti èémí kúkúrú a dé. Nígbà tó bá yá, ó lè di àpá. Ní Ìbàdàn, olùwádìí Oluwatosin Adaramoye fi kolaviron, tí ń pa irú èròjà onípalára bẹ́ẹ̀, dáàbò bo ọpọlọ èkúté lọ́wọ́ ìtànṣán ní 2010. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún dán ẹ̀ẹ́rù wò lọ́nà kan náà ní 2011. Ìwádìí gidi ni. Ṣùgbọ́n ara èkúté tí kò ní jẹjẹrẹ ni wọ́n ti ṣe é, ọpọlọ kì í sì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró.

Ibi tí àwọn olùpolówó ọjà kì í dé nìyí: ohun tó ń gba ẹran ara là lè gba jẹjẹrẹ náà là. Ní Kánádà, wọ́n fún àwọn kan lára aláìsàn 540, tí ìtànṣán ń wọ orí àti ọrùn wọn, ní fítámì tí ń pa èròjà onípalára. Àbájáde 2005 fi hàn pé ìnira wọn dín kù, ṣùgbọ́n àmì wà pé àrùn náà ń padà sára wọn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ.

Láti 2019 ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tuntun ti wà ní LUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì Èkó. Kí ẹni tó ń jẹ orógbó tó gba ìtànṣán, yálà níbẹ̀ tàbí níbòmíràn, kó sọ ọ́ fún dókítà rẹ̀.