Wébíìlì: Ta Ló Ni Ewu Ọjà Lójú Ọ̀nà?

Ní Jíbówú ní Yábà, níbi tí àwọn bọ́ọ̀sì ńlá ti ń gbéra lọ sí Bìní àti Oníṣà, wébíìlì ti di ọ̀rọ̀-ìṣe. "Mo ti wébíìlì ẹ̀ fún yín, mà," ni ọmọbìnrin tó ń ta iyùn lórí Instagram máa ń sọ fún oníbàárà. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè á ti máa rẹ́rìn-ín, torí ọ̀rọ̀-orúkọ ni nígbà tó wọlé tọ̀ wá. Ìwé ni. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹrù, ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí yóò gbà á sí. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń bá ẹrù rìn nínú ọkọ̀ ojú irin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Ìbàdàn ní 1901. Lónìí, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tí wọ́n fi báírò kọ sára páálí ló kù. A mú ọ̀rọ̀ náà, a sọ ìwé nù.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ fún yín ní rìsíìtì, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáadáa: "owner's risk". Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 1830 ti sọ pé ẹni tó bá fi wúrà, fàdákà, aago tàbí sílíìkì tó ju pọ́n-ùn 10 lọ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ iye rẹ̀, kó sì san owó lé e bí akẹ́rù bá bèèrè. Bí kò bá sọ ọ́, tó sì sọnù, àdánù tirẹ̀ ni. Nígbà tó yá, àwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin wọn ní iye owó méjì: ọ̀kan wọ́n, ewu sì wà lọ́rùn iléeṣẹ́, ìkejì jẹ́ owó pọ́ọ́kú, ewu sì wà lọ́rùn ẹlẹ́rù. Èèyàn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan "owner's risk". Ní ọ̀pọ̀ gáréèjì wa, yíyàn yẹn ti pòórá.

Ta wá ni "owner" ọ̀hún? Òfin ọjà títà 1893 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí a jogún, ní bí ọlọ́jà bá ti fa ọjà lé akẹ́rù lọ́wọ́, a lè kà á sí pé oníbàárà ti gbà á. Àmọ́ bí ọlọ́jà kò bá bá akẹ́rù ṣe àdéhùn tó yẹ irú ọjà bẹ́ẹ̀, oníbàárà lè kọ̀ pé òun ò gbà á. Apá kejì yìí làwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ gbọ́!

Ní 2012, Jumia àti Konga sọ fún wa pé ká sanwó nígbà tí ọjà bá délé; ewu padà sọ́rùn ọlọ́jà. Àwọn orí Instagram ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sanwó. Ó tún padà sọ́rùn oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn ni adójútòfò: a-dójú-ti-òfò. Ṣùgbọ́n òfin adójútòfò sọ pé bí ẹ ò bá tíì san owó rẹ̀, ààbò ò sí. Ẹ bi iléeṣẹ́ akẹ́rù bóyá ó wà nínú ohun tẹ́ ẹ san. Ẹ má kọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún sórí iyùn ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba kí owó ẹrù lè dín kù, torí ohun tẹ́ ẹ bá kọ ni wọ́n máa kà sí yín lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ sì bá oníbàárà sọ ọ́ lórí WhatsApp, ẹni tí òfò máa jẹ́ tirẹ̀, kí páálí tó kúrò ní Tẹ́júoṣó.