Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ Ọnà

Ẹ̀yin ará wa, ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí ń gbé ní Warri àti agbègbè rẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni a bá ọmọ wa kan tí ó ń fi àkísà nu ọkọ̀. Nígbà tí a wo àkísà náà dáadáa, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ìyá wa àgbà ni! Ọnà Ìbàdàndùn wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àwọn òpó gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1929. A kò lè bá ọmọ náà wí. Ta ni ó sọ fún un rí pé ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ni àwọn ìyá wa fi ń ya ọnà sórí aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró? Àwọn tí kò mọ̀wé ni wọ́n kọ ìtàn sára aṣọ fún wa.

Kì í ṣe òní ni a ti ń wá bí ọmọ ilé-ìwé yóò ṣe mọ ọnà. Aina Onabolu, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, lọ kọ́ àwòrán yíyà ní London ní 1920. Nígbà tí ó dé, ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó láti kọ́ àwọn ọmọ. Òun náà ni ó rọ ìjọba pé kí wọ́n wá olùkọ́ kún òun. Báyìí ni Kenneth Murray ṣe dé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927. Murray ní kí àwọn ọmọ má fi iṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ wọn sílẹ̀: ìkòkò mímọ, igi gbígbẹ́, aṣọ híhun. Ní 1937, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní London. Ben Enwonwu wà lára wọn.

Ṣùgbọ́n ọmọ kò lè kọ́ ohun tí kò rí, àwọn iṣẹ́ àtijọ́ sì ń jáde kúrò nílùú. Ẹ wo ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà ti Ìkéré. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba pààrọ̀ rẹ̀. British Museum ni ó wà. Ọmọ Èkìtì tí ó bá fẹ́ rí i yóò kọ́kọ́ wá físà! Ní 1943, ìjọba fi Murray ṣe alábòójútó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Mùsíọ́ọ̀mù Ẹ̀sìẹ́ ṣí ní 1945, ti Oníkan ní Èkó sì ṣí ní 1957.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí Warri. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo tí wọ́n bí ní Agbarha-Otor lẹ́bàá Ughelli ní 1932, kọ́ àwọn ọmọ ní ọnà ní St. Gregory's, Èkó, láti 1963 títí di 1980. Òun ni ó ya àwòrán inú ìwé Fagunwa, Ògbójú Ọdẹ, tí Soyinka túmọ̀ ní 1968. Láti 1998 ni ó ti ń kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sí Agbarha-Otor. Bí ọmọ Urhobo bá lè ya ìtàn wa báyìí, ṣé ó yẹ kí ọmọ tiwa má mọ̀ ọ́n?

Ìmọ̀ràn wa nìyí. Kí ẹgbẹ́ wa kó àwọn ọmọ lọ sí mùsíọ́ọ̀mù Benin, àti ilé Nana Olomu ní Koko, kí wọ́n mọ ohun àjogúnbá àwọn tí a jọ ń gbé. Kí wọ́n má kàn sáré kọjá. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan ṣoṣo, kí ó fi pẹ́ńsù yà á, kí ó sì béèrè: Kí ni wọ́n fi ṣe é? Ta ló ń lò ó? Ọnà wo ni wọ́n tún yà léraléra, kí ni ó sì túmọ̀ sí? Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n bi ìyá àgbà ní ìbéèrè kan náà nípa aṣọ inú àpótí rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A ti fọ àkísà yẹn, a ti ká a sínú àpótí, ọmọ wa sì ti mọ orúkọ rẹ̀.